Ojú Líle Kì Í Ṣe Ìbínú: Bí Tọkọtaya Ṣe Lè Bá Àrùn Parkinson Gbé

Ọ̀rọ̀ tọkọtaya la gbé wá lónìí.

Ẹ jẹ́ ká fi baálé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tó bá gbé e lé itan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Ìyàwó gbé oúnjẹ wá, ojú ọkọ kò tú ká. Ìyàwó ní: "Bàbá Adé, kí ni mo ṣẹ̀ yín?" Ọkọ dáhùn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. Báyìí ni ìjà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kò ṣẹ ẹnì kejì.

Àrùn náà ló ń mú ojú le, kì í ṣe ìbínú. Lọ́dún 1817 ni dókítà kan nílùú Lọ́ńdọ̀nù, James Parkinson, kọ̀wé nípa rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Èròjà kan wà nínú ọpọlọ, dopamine, òun ló ń jẹ́ ká lè gbéra bó ṣe wù wá. Tó bá ń dín kù, ara á le, ìrìn á falẹ̀. Àrùn yìí kì í ràn. Ẹ má sì tìtorí rẹ̀ pe ìyá àgbà kankan ní àjẹ́.

Kí wá ni ṣíṣe?

Àkọ́kọ́, ẹ máa sọ̀rọ̀. Ìyàwó, ẹ má wo ojú nìkan. Ẹ béèrè, kẹ́ ẹ sì ní sùúrù kó dáhùn. Ọkọ, ẹ fẹnu sọ ohun tí ojú yín kò lè sọ mọ́: "O ṣeun, ọbẹ̀ yìí dùn."

Èkejì, oògùn. Levodopa kò lè wo àrùn náà tán, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí ara rọ̀. Àkókò tí dókítà bá dá ni kẹ́ ẹ máa lò ó. Ẹran, ẹja àti ẹ̀wà lè dí i lọ́wọ́, nítorí náà ó sábà máa ń dáa kó ṣáájú oúnjẹ ní ìṣẹ́jú 30. Ẹ má dá a dúró lójijì, ó léwu. Òótọ́ ni pé levodopa wà nínú kóró wèrèpè inú igbó wa, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ má lọ̀ ọ́ mu láìsọ fún dókítà.

Ẹ̀kẹta, ẹ má gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó de bọ́tìnnì ara rẹ̀, bó tilẹ̀ pẹ́. Tí ẹsẹ̀ bá lẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má fà á. Ẹ fi ẹfun fa ìlà sílẹ̀ kó gbẹ́sẹ̀ kọjá rẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ jọ kà á: ení, èjì, ẹ̀ta.

Ẹ̀kẹrin, ìbànújẹ́ àti àìsùn wà lára àrùn náà. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà, kì í ṣe ohun ìtìjú. Ó máa ń rẹ ẹni tó ń tọ́jú náà. Kí àwọn ọmọ tàbí àbúrò dúró ti bàbá lọ́jọ́ ọjà, kí ìyá lè rí ojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọ́wọ́ fi ń mọ́.

Ẹ jíròrò èyí nínú ẹgbẹ́ yín: Ǹjẹ́ ẹnì kan wà ládùúgbò tí à ń pè ní agbéraga nítorí pé ojú rẹ̀ kì í tú ká? Ta ni yóò lọ kí i lọ́sẹ̀ yìí?