Ọṣẹ Wà Nínú Yàrá, Ṣáláńgá Wà Lẹ́yìnkùlé

Nọ́ọ̀sì wa, ọ̀rọ̀ ọwọ́ fífọ̀ ni mo bá wá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni ọkọ mi ń ṣe. Bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀bù dé, ọwọ́ wọn á ti mọ́, nítorí wọ́n á ti fi bẹntiróò àti ọṣẹ ìfọṣọ bó o lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lọ sí ṣáláńgá, wọn kì í fọwọ́. Bí wọ́n bá ṣe é pẹ́ẹ́, wọ́n á da omi díẹ̀ sí i, wọ́n á nù ún mọ́ ṣòkòtò. Ọwọ́ yẹn náà ni wọ́n á fi bu àmàlà sí ọmọ wa lẹ́nu. Ọmọ náà pé oṣù mẹ́jọ, ó sì ti ya ìgbẹ́ gbuuru lẹ́ẹ̀mejì.

Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ìdọ̀tí kì í pa adúláwọ̀, pé ìyá tó bí àwọn kò gbé ọṣẹ lé àwọn kiri, àwọn sì yè. Ilé elérò púpọ̀ là ń gbé nílùú Ìbàdàn. Ṣáláńgá wà lẹ́yìnkùlé, àwa àti àwọn alábàágbé la jọ ń lò ó. Inú yàrá ni mò ń tọ́jú ọṣẹ sí, torí pé bí mo bá gbé e síta, kì í pẹ́ tán. Èmi fúnra mi kì í fi ìmọ́tótó ṣeré: mo máa ń da bílíìṣì sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kí wọ́n lè ri ọwọ́ bọ̀ ọ́ kí wọ́n tó gbé ọmọ, mo sì ní kí wọ́n máa fọwọ́ nígbàkígbà tí wọ́n bá di ọwọ́ ìlẹ̀kùn mú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, inú bí mi, mo pè wọ́n ní ọ̀bùn lójú àbúrò wọn tó wá kí wa. Láti ọjọ́ náà, wọn kò jẹ oúnjẹ mi mọ́, wọn kì í sì í gbé ọmọ lójú mi. Ṣé èmi ni mo jẹ̀bi? Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ọmọ, Ìbàdàn

Ìyá Ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú. N kò ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Irú ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ilé púpọ̀, ìtìjú ni kì í jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ síta.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ẹjọ́ tí ẹ ní kí n dá. Ní ti ṣáláńgá àti ẹnu ọmọ, ẹ̀yin lẹ jàre, n kò sì ní torí àtipọ́n ọkọ yín lé kí n má sọ ọ́. Ní ti bílíìṣì àti ọwọ́ ìlẹ̀kùn, ẹ ṣàṣejù. Ní ti orúkọ tí ẹ pè wọ́n lójú àbúrò wọn, ẹ jẹ̀bi, ìyẹn ló sì gbé ìjà náà kúrò lórí ọwọ́, tó gbé e bọ́ sórí iyì. Ṣùgbọ́n ohun tó gbà mí lọ́kàn jù nínú ìwé yín ni èyí tí ẹ sọ kọjá láì dúró lé e lórí: inú yàrá ni ọṣẹ wà. N óò padà síbẹ̀.

Omi lásán tí ọkọ yín ń dà sí ọwọ́ kì í ṣe asán. Àwọn oníwàádìí kan ní London gbé ìdánwò kan jáde ní ọdún 2011. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn fi ọwọ́ pa ọwọ́ ìlẹ̀kùn àti irin ìdìmú níbi tí èrò ń gbà, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá kòkòrò tó máa ń ti inú ìgbẹ́ wá lára ọwọ́ wọn. Nínú 100 ọwọ́ tí a kò fọ̀ rárá, 44 ló ní kòkòrò náà. Nínú èyí tí a fi omi lásán ṣàn, ó jẹ́ 23. Nínú èyí tí a fi omi àti ọṣẹ fọ̀, ó jẹ́ 8. Omi ṣe ìdajì iṣẹ́, ó sì dúró síbẹ̀. Ọ̀rá ara wa ló ń di kòkòrò mú, omi kò sì lè dá gbé ọ̀rá. Ọṣẹ ní apá kan tó máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rá, ó ní apá kejì tó máa ń tẹ̀ lé omi. Òun ló ń fa ọ̀rá àti kòkòrò kúrò lára awọ kí omi tó wọ́ wọn lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ènìyàn fi ọwọ́ ra ọwọ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 20, kí ó dé ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka àti abẹ́ èékánná.

Ọkọ yín mọ èyí ju èmi àti ẹ̀yin lọ. Kò sí mẹkáníìkì tó jẹ́ fi omi lásán wẹ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kúrò lọ́wọ́. Ẹni tó ń fara balẹ̀ bó ọwọ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kí ó tó wá sílé, ẹ ò lè pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọ̀bùn. Ojú ni wọ́n fi ń wọn ìdọ̀tí: èyí tó dúdú, tó ń yọ̀, ni wọ́n ń fọ̀. Ọwọ́ tó ti ṣáláńgá bọ̀ kò dúdú, kì í sì í yọ̀, nítorí náà ó mọ́ lójú wọn. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ báyìí, kí ẹ má ti inú ẹ̀gàn bẹ̀rẹ̀ mọ́. (Bẹntiróò yẹn náà, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi sílẹ̀. Ó ń jẹ awọ, ó sì ń gba ara awọ wọlé. Kí wọ́n fi òróró ìdáná díẹ̀ ra ọ́ìlì náà títí yóò fi tú, kí wọ́n wá fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ ọ́.)

Ọ̀rọ̀ pé ìdọ̀tí kì í pa adúláwọ̀ ń dùn mí ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ ọ. Ẹni tó yè ló ń sọ ọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà, ẹ bi wọ́n iye ọmọ tí wọ́n bí àti iye tó dàgbà. Málọmọ́, Dúrójayé, Kòsọ́kọ́: ilé tí kò bá sin ọmọ rí kì í sọ ọmọ ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀. N kò sọ pé ọwọ́ tí a kò fọ̀ ló pa gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ gbuuru wà lára ohun tó ń kó ọmọdé lọ láyé ìgbà náà, kò sì tíì dẹ́kun títí di òní. Ní ìlú Karachi lórílẹ̀-èdè Pakistan, wọ́n pín ọṣẹ fún àwọn ìdílé kan ní àdúgbò àwọn tálákà, wọ́n sì ń ṣe àbẹ̀wò sí wọn láti kọ́ wọn ní ọwọ́ fífọ̀. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2005, ìgbẹ́ gbuuru láàárín àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 ti fi ìdá 53 nínú 100 dín sí ti àwọn tí wọn kò fún ní ọṣẹ. Àrùn ẹ̀dọ̀fóró láàárín àwọn tí kò tíì pé ọdún 5 dín ní ìdajì. Ọṣẹ àti omi ni, kì í ṣe abẹ́rẹ́.

Nínú ìwádìí yẹn kan náà, àwọn kan gba ọṣẹ apakòkòrò, àwọn yòókù gba ọṣẹ lásán, kò sì sí ìyàtọ̀ láàárín wọn. Ẹ wá gbé bílíìṣì yẹn kúrò nílẹ̀. Ọwọ́ tó bá ń wọ inú bílíìṣì lójoojúmọ́ máa ń la, inú ibi tó là sì ni kòkòrò ń fara pamọ́ sí. Awọ ọmọ oṣù mẹ́jọ kò ṣe é fi ọwọ́ bẹ́ẹ̀ pa. Ọṣẹ dúdú tó, ọṣẹ ìfọṣọ tó, àlòkù ọṣẹ ìwẹ̀ tó. Sanitizer inú ike kò rọ́pò ọṣẹ lẹ́yìn ṣáláńgá, kò sì ríṣẹ́ ṣe lára ọwọ́ tí ọ́ìlì wà.

Mo fẹ́ sọ ìtàn kan fún yín nítorí orúkọ tí ẹ pe ọkọ yín. Ní ọdún 1847, ní ilé ìwòsàn ńlá kan nílùú Vienna, dókítà ará Hungary kan tí ń jẹ́ Ignaz Semmelweis rí i pé àwọn abiyamọ tí àwọn dókítà ń gbẹ̀bí fún ń kú ju àwọn tó wà lọ́dọ̀ àwọn agbẹ̀bí obìnrin lọ. Àwọn dókítà náà máa ń ti yàrá tí wọ́n ti ń la òkú bọ̀ sọ́dọ̀ ẹni tó ń rọbí. Ó ní kí wọ́n máa fi omi kiloríìnì fọwọ́ (ọwọ́ tó ti inú òkú bọ̀ ni, ẹ má fi í gbe bílíìṣì yín lẹ́sẹ̀). Ikú tó ń mú bí ìdá 10 nínú 100 wálẹ̀ sí ìdá 1 tàbí 2. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ dókítà kọ̀. Ẹni iyì ni wọ́n ka ara wọn sí, wọn kò lè gbà pé ọwọ́ àwọn ni ikú ti ń wá. Semmelweis náà kò ní sùúrù: ó kọ lẹ́tà síta, ó pe àwọn tó ń ta kò ó ní apànìyàn. Òtítọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, èébú ni wọ́n gbọ́. Ó kú ní ọdún 1865 nílé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ, nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò tíì gbà á gbọ́. Iye abiyamọ tó kú láàárín ìgbà náà, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá bá mi tẹ̀ lé ìṣísẹ̀ ọkọ yín lálẹ́. Wọ́n jáde ní ṣáláńgá. Kò sí ọṣẹ níbẹ̀. Wọ́n gba iwájú ilẹ̀kùn àwọn alábàágbé kọjá, wọ́n wọ yàrá, wọ́n wá ọṣẹ nínú òkùnkùn, kí wọ́n má jí ọmọ. Wọ́n tún padà síta lọ bu omi, nítorí a kì í fọwọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin fúnra yín, ṣé ẹ ń ṣe gbogbo èyí lóru? Ìyá mi, mo rò pé ibí ni ìjà yín wà. Ibi tí ọṣẹ bá wà lọ́nà, ọwọ́ á kàn án. Ẹ rántí ọdún 2014 tí Ebola wọ Èkó: bọ́kẹ́ẹ̀tì onípáìpù àti ọṣẹ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìfowópamọ́, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, àgbà àti èwe ń fọwọ́. Ní ogúnjọ́ oṣù October ọdún náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) kéde pé àrùn náà ti tán ní Nàìjíríà. Kò pẹ́ tí a fi kó bọ́kẹ́ẹ̀tì wọlé, ọwọ́ fífọ̀ sì bá a wọlé. Ó tún rí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn Kòrónà. Ní Bangladesh, àwọn oníwàádìí kọ́ ibi ìfọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ méjì, wọ́n fi ọ̀dà ya ojú ọ̀nà láti ilé ìgbẹ́ dé ibẹ̀, wọ́n ya ẹsẹ̀ sí ilẹ̀, wọ́n ya ọwọ́ sí ibi ìfọwọ́. Wọn kò ṣe ìwàásù kankan. Àwọn ọmọ tó ń fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn ìgbẹ́, tí wọn kò ju 4 nínú 100 lọ tẹ́lẹ̀, ti di 74 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Nítorí náà, ẹ ní kí ọkọ yín bá yín ṣe ibi ìfọwọ́ sẹ́nu ọ̀nà ṣáláńgá. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni. Kẹ́ẹ̀gì kan, ẹnu ẹ̀rọ omi kékeré kan, irin tí wọn yóò gbé e lé: mẹkáníìkì kò ní wá èyíkéyìí nínú wọn tì. Ní ti ọṣẹ tí àwọn alábàágbé ń lò tán, ẹ da ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun bíi gíráàmù 30 sínú ike omi lítà kan àtààbọ̀, ẹ mì ín, ẹ lu ihò sí ìdérí rẹ̀, ẹ so ó mọ́ òpó. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, kò sí ẹni tí yóò gbé e lọ wẹ̀, bí àwọn alábàágbé bá sì lò ó, ẹ jẹ́ kí wọ́n lò ó. Ọmọ yín ń rákò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Ẹ jọ dá owó rẹ̀, ẹ jọ máa pọn omi rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ dín ohun tí ẹ ń béèrè kù. Lẹ́yìn ṣáláńgá, kí a tó dáná, kí a tó fi ọwọ́ kan oúnjẹ ọmọ: ẹ di ìwọ̀nyí mú. Ẹ fi ọwọ́ ìlẹ̀kùn sílẹ̀. Mo sì ní ìbéèrè fún ẹ̀yin náà: bí ẹ bá nùdí ọmọ tán, ṣé ọṣẹ lẹ fi ń fọwọ́? Ọ̀pọ̀ ìyá rò pé ìgbẹ́ ìkókó kò lè ṣe ènìyàn ní nǹkan. Àrùn wà nínú rẹ̀ bó ṣe wà nínú ti àgbàlagbà. Ẹ tún wo bí a ṣe ń jẹun: a ó kọ́kọ́ fi omi lásán ṣan ọwọ́, tí a bá jẹun tán ni a óò béèrè ọṣẹ, kí òórùn ọbẹ̀ lè lọ. Ẹ gbé ọṣẹ yẹn ṣíwájú oúnjẹ. Ẹ máa bu omi sórí ọwọ́ kálukú, ẹ má jẹ́ kí gbogbo ilé ri ọwọ́ bọ inú abọ́ kan.

Bàbá ọmọ, bí ẹ bá ń ka ìwé yìí, ẹ jọ̀wọ́, ìyàwó yín ṣì ọ̀rọ̀ sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọmọ ló ń bà á, ẹ̀rù náà sì tọ́. Ẹ má tìtorí èébú kọ ọwọ́ fífọ̀. Ọmọ oṣù mẹ́jọ kò mọ̀ pé ẹ ń bínú.

Ẹ̀yin Ìyá Ọmọ, ojú àbúrò wọn lẹ ti sọ ọ̀rọ̀ náà, ẹ bẹ̀ wọ́n lójú àbúrò wọn náà. Ẹ má fi "ṣùgbọ́n" kún ẹ̀bẹ̀ yín lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì lè dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ má sì sọ pé àwọn ni wọ́n kó ìgbẹ́ gbuuru ran ọmọ, nítorí ẹ ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ń rákò ń kó gbogbo nǹkan sẹ́nu. Omi, ṣíbí, ìgò oúnjẹ, ibikíbi ló lè ti wá. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ má dá ọmú dúró. Ẹ po ORS, oògùn oníyẹ̀fun tí a ń pò mọ́ omi fún ẹni tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára àpò rẹ̀, kí ẹ sì gba zinc ní ilé ìwòsàn: mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14 ni fún ọmọ tó ti lé ní oṣù mẹ́fà. Bí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí tí kò lè mu nǹkan, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ mú káàdì àjẹsára rẹ̀ dání, kí ẹ bi nọ́ọ̀sì bóyá ó ti gba ti rotavirus, èyí tí Nàìjíríà fi kún àjẹsára ọmọdé ní ọdún 2022.