Bárakú Tìẹ Kì í Pariwo

Àbúrò mi, sún mọ́ mi kí n bá ẹ sọ ọ́. Bí wọ́n bá ti dárúkọ bárakú fóònù ní yunifásítì, àwọn ọmọkùnrin là ń nàka sí. Àwọn ló ni géèmù, àwọn ló ni tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Kí ọ̀kan nínú wọn fi owó oúnjẹ ta tẹ́tẹ́, gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì á gbọ́. Ìwọ ńkọ́? O wà lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, aago méjì òru ti lù, ìmọ́lẹ̀ fóònù kún ojú ẹ, o ṣì ń pẹ̀tù sọ́kàn ọ̀rẹ́ tó ń sunkún nítorí ọkùnrin. Ta ló máa pe ìyẹn ní bárakú? Wọ́n á ní o láàánú ni.

Àwọn tó ń ṣèwádìí ti ń rí i tipẹ́ pé géèmù ló sábà ń gbé ọkùnrin lọ, ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ àti ọ̀rọ̀ sísọ ló ń gbé obìnrin. (Kì í ṣe gbogbo wa o. Àwọn ọmọbìnrin tó ń ta tẹ́tẹ́ wà, wọ́n kàn mọ̀ ọ́n bò ni.) Ní 2013, àwọn olùwádìí kan ní Kòríà Gúúsù gbé ìbéèrè 10 jáde láti fi wọn bárakú fóònù lára ọ̀dọ́. Nínú máàkì 60, 31 ni wọ́n fa ààlà ti ọmọkùnrin sí, 33 ni ti ọmọbìnrin. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ti ka bárakú géèmù mọ́ àìsàn, ìwé tí wọ́n to àwọn àìsàn sí, tí wọ́n kọ ọ́ sí, sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022. Wọn ò dárúkọ ti ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Lójú tèmi, ara ohun tó jẹ́ kí tiwa rọrùn láti fi pamọ́ nìyẹn.

Ọkùnrin lè yọ géèmù kúrò lórí fóònù, kó parí. Ìwọ ò lè yọ èèyàn. Nítorí náà, àwọn èèyàn yẹn gan-an ni kó o bá sọ ọ́: tó bá ti di aago mẹ́wàá alẹ́, ẹni tọ́rọ̀ ẹ̀ bá le, kó pè ẹ́. Lẹ́yìn náà, pa dátà, má pa fóònù. Ìpè Màmá á ṣì wọlé. Wàá rí i pé àwọn tó máa pè ò tó nǹkan.

Àmì búlúù WhatsApp yẹn, pa á. Tó o bá pa á, ìwọ náà ò ní mọ ẹni tó ka ọ̀rọ̀ ẹ tí ò fèsì, ọkàn ẹ á sì balẹ̀. Iná Snapchat tó máa ń kú bí wákàtí 24 bá kọjá tí ìwọ àti ọ̀rẹ́ ẹ ò fi àwòrán ránṣẹ́ síra yín, jẹ́ kó kú. Gúrúùpù kíláàsì, jẹ́ kó máa dún, torí olùkọ́ lè yí yàrá ìdánwò padà. Àwọn gúrúùpù aṣọ ẹbí tó kù, pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Mo mọ̀ pé torí olè lo ṣe ń fi fóònù sábẹ́ ìrọ̀rí. Tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, kó o ra aago kékeré tí yóò máa jí ẹ. Bí ọ̀rẹ́ kan bá sì bínú pé àárọ̀ lo tó fèsì, sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n ẹ ló ní kó o sùn.