Ọsàn àti Ata Rodo: Èwo Ló Ṣe Ara Lóore Jù?



Àwọn àgbà a máa sọ pé ẹ̀mí tí kì í jẹ ata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni. Nítorí náà, kò sí bí ọjà ṣe lè wọ́n tó tí ìyàwó ilé kò ní ra ata. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé, ìpanu lásán ni a ka ọsàn sí, ohun tí a fi ń tu ọmọdé nínú tàbí tí a fi ń ṣe àlejò. Aláboyún lè ra ata tán kí ó sì kọjá lára ọlọ́sàn láìdúró. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó gbé ọsàn àti ata rodo sórí ìwọ̀n kan náà, kí a lè mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe nínú ara ìyá àti ọmọ.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ ÀWỌN MÉJÈÈJÌ

Ọsàn mímu tí a ń bó ni a ní lọ́kàn níhìn-ín, àti ata pupa tútù tí ó ń ta. Bí a bá wọn 100 gíráàmù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohun tí a ó rí níbẹ̀ nìyí:

Fítámì C: ọsàn ní nǹkan bí mílígíráàmù 53, ata ní nǹkan bí 140.
Fítámì A: ti ata tó ìlọ́po mẹ́rin ti ọsàn.
Èròjà irin tí ń mú ẹ̀jẹ̀ wá: ti ọsàn jẹ́ mílígíráàmù 0.1, ti ata tó 1.
Kálísíọ́mù tí ń mú egungun le: ti ọsàn jẹ́ nǹkan bí mílígíráàmù 40, ti ata jẹ́ nǹkan bí 14.
Ṣúgà: ti ọsàn jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 9; ti ata jẹ́ nǹkan bí 5.

Fítámì C ni ó ń mú kí èrìgì le, kí ojú ọgbẹ́ tètè jinná, kí ara sì lágbára láti bá àrùn jà. Ọsàn àti ata ni wọ́n jọ wà nínú ìtàn bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1747, dókítà ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ James Lind fi oríṣiríṣi nǹkan tọ́jú àwọn atukọ̀ tí èrìgì wọn ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ara wọn sì ń kú lọ. Àwọn tí ó fún ní ọsàn àti òróńbó ni ara wọn kọ́kọ́ yá. Nígbà tí ó ṣe, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Hungary, Albert Szent-Györgyi, yọ fítámì yìí ní ọ̀pọ̀ yanturu láti inú ata ìlú rẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1937.

ÌWỌ̀N TÍ Ó Ń WỌ ẸNU WA

Ẹni tí ó bá wo òǹkà òkè yìí nìkan yóò sọ pé ata ni ó borí. Ẹ má tíì dá ẹjọ́ náà. Ta ni ó lè jẹ 100 gíráàmù ata rodo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí ìyá kan bá fi ata rodo méjì, tí ó tó nǹkan bí 20 gíráàmù, se ọbẹ̀ fún ènìyàn mẹ́fà, fítámì C tí ó wà nínú ata náà kò ju mílígíráàmù 28 lọ. Bí a bá pín in sí mẹ́fà, kò tó 5 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Iná yóò sì tún jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀, nítorí fítámì C kì í fara da ooru. Bí a bá se ata lórí iná tí a sì da omi rẹ̀ nù, a ti da fítámì náà nù pẹ̀lú. Bákan náà ni ata gbígbẹ tí oòrùn ti pa ti pàdánù èyí tí ó pọ̀ jù nínú tirẹ̀.

Ọsàn kò rí bẹ́ẹ̀. Tútù ni a ń mu ún, iná kò kàn án. Ọsàn kan tí ó tóbi níwọ̀nba lè fún ènìyàn ní nǹkan bí mílígíráàmù 70. Aláboyún nílò 55 lójúmọ́, ìyá tí ń fún ọmọ lọ́yàn nílò 70, ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta sì nílò 30. Èyí ni pé ọsàn kan lóòjọ́ tó ìyá, ààbọ̀ rẹ̀ sì tó ọmọ.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ FI KAN ALÁBOYÚN

Nígbà oyún, ẹ̀jẹ̀ ìyá ni ó ń bọ́ ẹni méjì. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tó lára rẹ̀, àárẹ̀ àti òòyì yóò máa mú un, èémí rẹ̀ yóò sì máa kúrú. Ewu tí ó tóbi jù ni pé bí ẹ̀jẹ̀ bá dà nígbà ìbímọ, èyí tí ó kù lè má tó gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró.

Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ní èròjà irin, ṣùgbọ́n ara kì í tètè gba irin tí ó wá láti inú ohun ọ̀gbìn. Fítámì C ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún un. Bí ìyá bá jẹ ẹ̀wà tí ó sì mu ọsàn lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, irin tí yóò wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò pọ̀ ju ti ẹni tí ó jẹ ẹ̀wà nìkan. Tíì ní tirẹ̀ a máa dí irin lọ́nà. Nítorí náà, ẹ má mu ún mọ́ oúnjẹ.

Síbẹ̀, ọsàn kò lè rọ́pò oògùn ẹ̀jẹ̀ tí a ń fún yín ní ilé ìwòsàn. Ẹ máa lo oògùn náà déédéé. Bí inú ìpéǹpéjú yín bá ń funfun, tàbí tí àárẹ̀ kò lọ, ẹ tètè lọ fi ara yín han nọ́ọ̀sì.

NÍPA ÀWỌN ỌMỌ WA

Ọmú ìyá nìkan ni oúnjẹ ọmọ títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà. Kò nílò omi, kò sì nílò omi ọsàn. Lẹ́yìn náà, ẹ lè máa fún un ní ọsàn díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ rẹ̀, kí ẹ kọ́kọ́ yọ hóró àti awọ rẹ̀ kí ó má baà há a lọ́fun. Ẹ bu oúnjẹ ọmọ sọ́tọ̀ kí ẹ tó fi ata sí ọbẹ̀.

Ohun tí ń ta nínú ata kì í yòrò nínú omi, inú òróró ni ó ti ń yòrò. Nítorí náà, ìyá tí ó gé ata tí ó kàn fi omi ṣan ọwọ́ lè fi ata kan ojú ọmọ tàbí orí ọmú. Ẹ fi òróró díẹ̀ pa ọwọ́ yín, kí ẹ tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa.

OHUN TÍ A Ó ṢE NÍLÉ

1. Nínú owó ọbẹ̀, ẹ yọ owó ọsàn sọ́tọ̀.
2. Ẹ mu ọsàn mọ́ oúnjẹ, pàápàá nígbà tí ẹ bá jẹ ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́.
3. Ẹ fi omi tó mọ́ fọ ọsàn àti ọ̀bẹ kí ẹ tó bó o. Ẹ jẹ ẹran inú rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí okun tín-ín-rín inú rẹ̀ ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀.
4. Bí ọsàn bá wọ́n, ìbẹ́pẹ, gúáfà àti máńgòrò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀.
5. Ẹ má da omi ata nù. Ẹni tí inú tàbí àyà ń ta, kí ó dín ata kù.

Kí ata máa wà nínú ìkòkò wa, kí ó máa mú ọbẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbé iṣẹ́ ọsàn fún un. Oúnjẹ ni ọ̀rẹ́ àwọ̀.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ló dé tí fítámì C inú ata fi pọ̀ lórí ìwọ̀n, tí ó sì kéré nínú ọbẹ̀?
2. Ìgbà wo ni ó dára jù kí aláboyún mu ọsàn, kí sì ni ìdí rẹ̀?
3. Báwo ni a ṣe ń fọ ata kúrò lọ́wọ́ kí a tó gbé ọmọ?