Owó Tí Ó Wọlé Kì Í Ṣe Èrè

Ẹ ti mọ ìwé kà, ẹ sì ti mọ nọ́ńbà kọ. Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí á fi ìwé ṣọ́ owó wa.

Púpọ̀ nínú wa ni ó ń ṣòwò ní Ajégúnlẹ̀ àti ní Àpápá. Bí ọjà bá tà, a ó ní, “Mo jèrè lónìí.” Ṣé lóòótọ́ ni?

Ẹ wo olóúnjẹ kan tí ń se ìrẹsì àti ẹ̀wà fún àwọn awakọ̀ tírélà lẹ́bàá èbúté Tin Can. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ka owó rẹ̀, ó jẹ́ ₦60,000. Inú rẹ̀ dùn, ó mú ₦10,000 fún ilé. Ẹ má tíì bá a yọ̀. Ẹ jẹ́ kí á kọ ọ́ sílẹ̀ ná.

Owó tí ó wọlé: ₦60,000

Owó tí ó jáde:
Ìrẹsì, ẹ̀wà, ẹja àti epo: ₦41,000
Gáàsì ìdáná: ₦4,000
Omi àti ọ̀rá: ₦2,000
Owó ọkọ̀: ₦3,000
Owó ọmọ iṣẹ́: ₦4,000
Àpapọ̀: ₦54,000

Èrè: ₦6,000

₦54,000 yẹn ni à ń pè ní ojú owó. Òun ni yóò fi ṣe ọjà ọ̀la. Èrè kò ju ₦6,000 lọ, ṣùgbọ́n ₦10,000 ni ó ná. Ó ti jẹ ₦4,000 nínú ojú owó. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ 5, ₦20,000 ti lọ nìyẹn. Ìkòkò rẹ̀ yóò máa kéré sí i, yóò máa yáwó kí ó tó dáná, yóò sì máa wí pé ayé ni ó ń ṣe òun. Kò sí ẹni tí ó ṣe é. Owó tí kò kọ sílẹ̀ ni.

Owó tí a kò kà mọ́ ọjà ti yọ ìjọba pàápàá lẹ́nu rí. Ní 1975, ìjọba àpapọ̀ ti ra sìmẹ́ńtì tí ó tó bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, ó ju agbára èbúté Èkó lọ púpọ̀púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tò sórí òkun, wọn kò rí ibi já ẹrù sí, ìjọba sì ń san owó ìdúró wọn. Sìmẹ́ńtì kò pọ̀ sí i, owó tí ó ń gbà ni ó ń pọ̀ sí i. Nítorí irú wàhálà yìí ni a fi kọ́ èbúté Tin Can, tí a ṣí ní 1977.

Nítorí náà:

1. Ẹ kọ owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde sílẹ̀ lójoojúmọ́, títí kan owó ọkọ̀.
2. Ẹ ya àpò ọjà sọ́tọ̀ kúrò lára àpò ilé.
3. Àwìn kì í ṣe owó tí ó wọlé. Ẹ kọ orúkọ ẹni náà, iye rẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀ sí ojú ewé mìíràn títí yóò fi san án.

Ìbéèrè

1. Kí ni ojú owó?
2. Èló ni ó yẹ kí olóúnjẹ náà mú fún ilé, kí ó má baà jẹ ojú owó?
3. Ẹ kọ owó tiyín ti òní sílẹ̀. Èló ni èrè yín?