Ìrántí Àwọn Tí Ó Ti Lọ

Àwọn àgbà a máa wí pé, bí iná bá kú, a fi eérú bojú; bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ti ọmọ bíbí nìkan. Ó ń kọ́ wa pé iṣẹ́ ni ìrántí òkú jẹ́, ọwọ́ alààyè ni iṣẹ́ náà sì wà. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀nà mẹ́ta wò tí àwọn Yorùbá ń gbà ṣe é, kí a sì wo ohun tí ó kan àwa tí a ó di olùkọ́.

Èkíní ni orúkọ. Ọmọkùnrin tí a bí lẹ́yìn ikú bàbá àgbà rẹ̀ ni à ń pè ní Babátúndé. Ọmọbìnrin tí a bí lẹ́yìn ikú ìyá àgbà rẹ̀ ni à ń pè ní Yétúndé tàbí Ìyábọ̀. Nígbàkúùgbà tí a bá pe ọmọ náà wá jẹun, tàbí tí a rán an níṣẹ́, a ti dárúkọ ẹni tí ó lọ.

Èkejì ni oríkì. Oríkì ìran Olófà kì í ṣàìmẹ́nu kan ìjàkadì, bẹ́ẹ̀ ni ti Oníkòyí kì í ṣàìsọ ti ogun. Àwọn ọdẹ ní tiwọn a máa sun ìrèmọ̀jé fún ẹlẹgbẹ́ wọn tí ó kú, nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìṣípà rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ère. Láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn òbí a ní kí agbẹ́gilére gbẹ́ ère rẹ̀. Ìyá a máa wẹ̀ ẹ́, a máa fi osùn kùn ún, títí ojú ère yóò fi máa dán. Ní Ọ̀wọ̀, wọ́n a máa gbẹ́ àkó ní àwòrán àgbà tí ó ti kú, wọn a wọ̀ ọ́ láṣọ olówó iyebíye, wọn a sì gbé e yí ìlú ká kí wọ́n tó sin ín.

Bóyá ẹnìkan yóò béèrè pé, ìbọ̀rìṣà ha kọ́ ni gbogbo èyí? Àwa gbà pé ó yẹ kí a ya ìbọ kúrò lára ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n òfin karùn-ún tí ó ní kí a bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá kò sọ pé kí ọ̀wọ̀ náà pin sí ojú sàréè.

Ẹ kíyè sí i pé orúkọ ń fẹ́ ẹni tí yóò pè é, oríkì ń fẹ́ ẹni tí yóò kì í, ère sì ń fẹ́ ẹni tí yóò wẹ̀ ẹ́. Ìwé pẹ̀lú kò yàtọ̀. Alùfáà Samuel Johnson, tí ó ti ṣe olùkọ́ ilé-ìwé ní Ìbàdàn rí, gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́, ó sì parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. A fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù. Òun náà kú ní 1920. Ní 1921 ni ìwé náà tó jáde. Bí kò bá sí àbúrò náà, ta ni ìbá ka ìwé yìí lónìí?

Nítorí náà, nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn, ẹ jẹ́ kí a ní kí olúkúlùkù béèrè nílé orúkọ bàbá bàbá rẹ̀ àti ti ìyá ìyá rẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, àti oríkì wọn. Kí ó kọ wọ́n pẹ̀lú àmì ohùn, kí ó sì padà lọ kà wọ́n fún ẹni tí ó sọ wọ́n fún un, kí onítọ̀hún lè tún ibi tí ó bá ṣì ṣe. Kí ó tún kà wọ́n sókè níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà tí ó mọ oríkì wọ̀nyí ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí a má ṣe dúró di ọ̀la kí a tó béèrè.