BÍ ỌMỌDÉ ṢE Ń KẸ́KỌ̀Ọ́: ÌPELE NI, KÌ Í ṢE ÌKÁNJÚ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó fún wa ní làákàyè. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin ará mọ́sálásí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́dún yìí ni bí ọmọdé ṣe ń gba ẹ̀kọ́ àti bí òye rẹ̀ ṣe ń dàgbà. Ìbéèrè tí àwọn òbí sábà máa ń bi wá ni pé, "Ibo ni ọmọ mi kà dé?" Ìbéèrè náà dára. Ṣùgbọ́n òmíràn wà tí a kì í gbọ́ tó bẹ́ẹ̀, òun ni pé, "Kí ni ó yé ọmọ mi nínú ohun tí ó kà?" Bí a bá ń fi wòlímọ̀ ọmọ ẹlòmíràn wọn ọmọ tiwa, tí a sì ń fi pàṣán lé e síwájú, ó lè parí Àlùkùránì lónìí kí ó sì sá fún ilé-kéwú lọ́la. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí á mọ ohun tí àwọn onímọ̀ ti rí lórí ọ̀rọ̀ yìí.

1. Ohun tí onímọ̀ Ìsìláàmù sọ

Ìlú Tunis ni wọ́n ti bí Ibn Khaldun ní ọdún 1332. Ní 1377 ni ó kọ ìwé Muqaddimah, ó sì ya àwọn orí kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ kíkọ́. Ó ní díẹ̀díẹ̀ ni kí olùkọ́ máa gbé ìmọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì gbà á kọjá lẹ́ẹ̀mẹta. Lákọ̀ọ́kọ́, kí ó mú kókó ọ̀rọ̀ nìkan, ní ìwọ̀n tí orí ọmọ lè gbé. Lẹ́ẹ̀kejì, kí ó ṣe àlàyé kíkún. Lẹ́ẹ̀kẹta, kí ó tú gbogbo ohun tí ó díjú. Ó ní ẹni tí wọ́n bá da ohun líle bò níbẹ̀rẹ̀ yóò rò pé ìmọ̀ náà ni kò ṣeé mọ̀, ọkàn rẹ̀ yóò sì kúrò níbẹ̀.

Ó tún kìlọ̀ pé líle koko mọ́ akẹ́kọ̀ọ́, pàápàá ọmọ kékeré, máa ń ba ìwà rẹ̀ jẹ́. Ó ń sọ ọ́ di ọ̀lẹ, ó sì ń kọ́ ọ ní irọ́ àti ẹ̀tàn, nítorí pé ọmọ náà ń wá ọ̀nà tí yóò fi bọ́ lọ́wọ́ ìyà.

Nínú ìwé yìí kan náà, ó sọ ìmọ̀ràn Alikali Abu Bakr Ibn al-Arabi, ẹni tí ó fẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ kọ́ èdè Lárúbáwá àti ìṣirò kí ó tó bẹ̀rẹ̀ Àlùkùránì, kí ohun tí ó ń kà lè yé e. Ibn Khaldun yin ìmọ̀ràn náà, ṣùgbọ́n ó ní àṣà kò gbà á. Ìdí ni pé ìgbà tí ọmọ ṣì wà lábẹ́ òbí ni ó rọrùn láti fún un ní Àlùkùránì. Bí ó bá dàgbà tán, ó lè má padà wá mọ́. Nítorí náà, àwọn bàbá wa tí wọ́n fi wàláà àti àkọ́sórí bẹ̀rẹ̀ ní ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni àkọ́sórí jẹ́. Kí ọmọ má dúró sí ẹnu ọ̀nà títí ayé.

2. Òye ọmọdé ní ìpele

Ní orílẹ̀-èdè Switzerland, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Jean Piaget (1896–1980), tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí ọmọdé ṣe ń ronú. Ẹ lè dán ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó ṣe wò nílé. Ẹ bu omi sínú ife méjì tí ó dọ́gba, kí ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún rí i pé omi náà dọ́gba. Ẹ wá da ọ̀kan sínú ife tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ga. Ọmọ náà yóò sábà sọ pé omi inú èyí tí ó ga ni ó pọ̀ jù. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ó fi ń ṣe ìdájọ́. Tí ó bá tó bí ọmọ ọdún méje, yóò sọ pé ọ̀kan náà ni. Ní nǹkan bí ọdún mọ́kànlá sókè ni Piaget ní ọmọ ń bẹ̀rẹ̀ sí í lè ronú dáadáa lórí ohun tí ojú kò rí.

Àwọn tí ó wá lẹ́yìn rẹ̀ ti fi hàn pé ọdún wọ̀nyí kì í ṣe òfin, nítorí ọmọ kan ń yá ju èkejì lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ dúró: ọmọdé kì í ṣe àgbà tí ó kéré. Bí a bá fẹ́ kọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ ní gírámà Lárúbáwá, kí á fi ìwé ọwọ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn àti àga ṣe àpẹẹrẹ fún un kí á tó sọ òfin. Àwa Mùsùlùmí kò ṣàjèjì sí ìpele. Ní nǹkan bí ọdún 23 ni Àlùkùránì sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ ọdún méje sì ni Ànábì wa ní kí á bẹ̀rẹ̀ sí í pa láṣẹ ìrun kíkí. Àgbẹ̀ Sàkí náà kì í gbin iṣu lónìí kí ó wà á lọ́la.

3. Ọwọ́ tí ń tọ́ni sọ́nà

Ọdún 1896 yìí kan náà ni wọ́n bí Lev Vygotsky ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ó kú ní 1934. Ó ní ohun kan wà tí ọmọ lè dá ṣe, òmíràn sì wà tí kò lè dá ṣe ṣùgbọ́n tí ó lè ṣe bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n jù ú bá ràn án lọ́wọ́. Àárín méjèèjì yìí ni iṣẹ́ olùkọ́ wà.

Ẹ wo àwọn ahunṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn. Ọmọ kékeré kì í kọ́kọ́ jókòó sí ìdí òfì. Òwú ni yóò máa ká, tí yóò máa wo ọwọ́ ọ̀gá. Nígbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í hun, ọ̀gá wà nítòsí tí yóò tún un ṣe bí òwú bá já. Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kí ó má ra á lọ́wọ́. Ta ni yóò na ọmọ nítorí òwú àkọ́kọ́ tí ó já mọ́ ọn lọ́wọ́?

4. Èdè tí ọmọ gbọ́

Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Àlíù Bàbátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí olùkọ́ tí ó gbọ́ ọ dáadáa ń kọ́ wọn. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn mìíràn fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wọn ní mẹ́ta tí ó kù. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ títí dópin ni ó ṣe dáadáa jù, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Fáfúnwá wá di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ láti 1990 sí 1992. Ó dágbére fún ayé ní 2010.

Ẹ̀kọ́ ni èyí fún ilé-kéwú. Àwa àgbà gan-an, Yorùbá ni a fi ń gbọ́ táfúsírì nínú oṣù Ramadan. Kí ló dé tí ọmọdé yóò fi ka súrà mẹ́wàá láìgbọ́ ìtumọ̀ ọ̀kan?

5. Ohun tí ó kù sí ọwọ́ wa

(i) Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ kéwú ọmọ yín lálẹ́, bí ẹ kò tilẹ̀ kàwé. Ẹ ní kí ó sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún yín ní Yorùbá. Ẹni tí ó bá lè ṣàlàyé ni ó yé.
(ii) Ẹ má fi ọmọ wé ọmọ. Ẹ fi í wé ara rẹ̀ ní oṣù tí ó kọjá.
(iii) Kí pàṣán má jẹ́ olùkọ́ àkọ́kọ́. Ọdún mẹ́wàá ni Anas bin Malik fi sin Ànábì wa láti ìgbà èwe rẹ̀, ó sì jẹ́rìí pé kò kanra mọ́ òun rí.
(iv) Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má tijú láti béèrè.

Ìbéèrè fún akẹ́kọ̀ọ́
1. Ìgbà mélòó ni Ibn Khaldun ní kí olùkọ́ gba ẹ̀kọ́ kọjá? Ṣàlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan.
2. Kí ni ọmọ tí ń kọ́ òfì híhun fi jọ ọ̀rọ̀ Vygotsky?
3. Mú súrà kan tí o mọ̀ sórí, kí o sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún àwọn ará ilé rẹ.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ tí yóò ṣe wọ́n ní àǹfààní, kí Ó sì fún àwa tí a ń kọ́ wọn ní sùúrù. Àmín.