Wọ́n Tọ́jú Rẹ, Kò Tíì Tán

Ẹ̀yin ọmọbìnrin mi tí ẹ ń lo oògùn HIV, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ mọ oògùn lò, mi ò ní kọ́ yín ní ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ilé ọmọ ni mo gbé wá.

Kòkòrò HPV ló ń ba ibẹ̀ jẹ́. Ìbálòpọ̀ ló ń gbé e kiri, àìmọye èèyàn ló sì ti kó o láìmọ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi pe obìnrin ní oníṣekúṣe. Ara tó le sábà máa ń lé e lọ. Ara tí HIV ti bá jà kì í tètè rí i lé. Bó bá pẹ́, ojú ibẹ̀ á máa yí padà: kò tíì di jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló dorí kọ. Ohun tó lè gba ẹlòmíràn ní ọdún 15 sí 20 lè má ju 5 sí 10 lọ lára ẹni tí ara rẹ̀ kò lágbára. Abájọ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ní ọmọ ọdún 25, kí àwọn obìnrin tí kò ní HIV tó bẹ̀rẹ̀ ní 30.

Ẹ̀yìn ìtọ́jú gan-an ló ń dùn mí. Bí àyẹ̀wò bá rí ibi tó ti ń yí padà, wọ́n á fi iná jó ojú ibẹ̀, tàbí kí wọ́n fi wáyà oníná gé e, obìnrin á ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò ní yọjú sí kílíníìkì mọ́. Ibi tó bàjẹ́ ni wọ́n mú kúrò o. Kòkòrò tó bà á jẹ́ lè ṣì wà níbẹ̀, kó tún rú bí koríko tí a gé láìhú gbòǹgbò. Lẹ́yìn oṣù 12, ẹ padà lọ fún àyẹ̀wò. Bí kò bá sí nǹkan kan, ẹ tún lọ lẹ́yìn oṣù 12 mìíràn. Ìgbà tí méjèèjì bá dára ni ẹ tó lè máa lọ lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún.

Bó bá tún yọ, kì í ṣe pé dókítà kò mọṣẹ́, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ayé. Wọ́n á tún un tọ́jú. Ẹ má dá oògùn HIV dúró, òun ló ń ran ara lọ́wọ́. Èmi náà ń mu àgbo, ṣùgbọ́n ẹ má ki ewé tàbí ọṣẹ kankan bọ ojú ara.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lẹ́yìn ìbálòpọ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú káàdì. Ẹ lọ lọ́jọ́ kejì.